Ìfòyà Òbí Lórí Àjẹsára Ọmọdé: Ìtàn Láti Istanbul Dé Kano

  

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Islam, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí oṣù àwẹ̀ bá ti dé, orí zakat, ìgbé-ayé tọkọtaya àti ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni a sábà máa ń gbé wàásì wa lé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí àwọn ìyá máa ń yọ́ bi mí lẹ́yìn àsàlátù, tí wọn kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́: ṣé kí àwọn jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ àwọn ní àjẹsára, àbí kí àwọn ti ilẹ̀kùn? Èmi kò ní í fi fátíwà dá wọn lóhùn. Ìtàn ni n óò sọ, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀rù ń bà kò mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pè wọ́n ní aláìmọ̀kan kò mọ̀ ọ́n bákan náà.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé mùsùlùmí ni kì í fẹ́ àjẹsára. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ilẹ̀ mùsùlùmí ni ẹ̀kọ́ náà gbà dé ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Àrùn tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ni ṣọ̀pọ̀ná, èyí tí àwọn àgbà wa kì í dárúkọ ní gbangba, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá mú, ó lè pa bíi 3, ó sì máa ń fọ́ ojú àwọn mìíràn tàbí kí ó fi àpá bo ojú wọn títí ayé. Ní ìlú Istanbul, nígbà tí ìjọba Uthmaniyyah wà níbẹ̀, àwọn ìyá àgbà kan ní iṣẹ́ kan tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá ti rọlẹ̀. Wọn a mú díẹ̀ nínú omi ojú egbò ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná tirẹ̀ kò le, wọn a fi abẹ́rẹ́ ha awọ ọmọ tí ara rẹ̀ dá, wọn a sì fi omi náà sí ibẹ̀. Ọmọ náà yóò ṣe àìsàn díẹ̀, yóò dìde, ṣọ̀pọ̀ná kò sì ní í mú un mọ́.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Lady Mary Wortley Montagu, ìyàwó aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Tọ́kì, rí èyí, ó sì kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sílé ní ọdún 1717. Ṣọ̀pọ̀ná ti pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó sì ti ba ojú òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1718 ó jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní Istanbul. Nígbà tí ó di 1721, tí àrùn náà gbilẹ̀ ní London, ó jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọbìnrin rẹ̀ níbẹ̀ lójú àwọn dókítà.

Kí ni àwọn ará London ṣe? Wọ́n fárígá. Ní ọdún 1722, àlùfáà ìjọ Kírísítì kan tí ń jẹ́ Edmund Massey gun orí àga ìwàásù, ó ní Ọlọ́run ni ó ń fi àrùn dán ènìyàn wò tàbí tí ó fi ń jẹ wọ́n níyà, nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àrùn sí ara. Ní ọdún yẹn kan náà, dókítà kan tí ń jẹ́ William Wagstaffe kọ̀wé pé ìyàlẹ́nu gbáà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin mélòó kan tí kò mọ̀wé, ní ilẹ̀ àwọn tí kò lajú, ni wọ́n fẹ́ gbé wọ ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí! Àwọn ni wọ́n ń fura sí oògùn àwa mùsùlùmí nígbà náà.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní ìlú Boston ní ọdún 1721, ẹrú kan tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sọ ní Onesimus, ni ó ti sọ fún olówó rẹ̀, Cotton Mather, pé wọ́n ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún òun ní Áfíríkà kí wọ́n tó kó òun lẹ́rú. Dókítà kan, Zabdiel Boylston, ṣe é fún ènìyàn bíi 240. 6 ni ó kú nínú wọn. Nínú àwọn tí ṣọ̀pọ̀ná mú fúnra rẹ̀ ní ìlú náà, tí wọ́n ju 5,000 lọ, àwọn tí ó kú lé ní 800. Síbẹ̀ inú bí àwọn ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan fi ju bọ́ǹbù wọ ilé Mather lóru. Àánú Ọlọ́hun ni kò jẹ́ kí ó bú.

N kò ní í pẹ́ lórí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1796, Edward Jenner ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àrùn kékeré kan tí ń wá láti ara màlúù lè dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ṣọ̀pọ̀ná, láìsí irú ewu tí ó wà nínú ti àtijọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan fún ọmọ ọwọ́ ní 1853, àwọn òbí kọ̀, wọ́n ń san owó ìtanràn, àwọn mìíràn ń ṣẹ̀wọ̀n. Ní ìlú Leicester ní 1885, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó tú jáde sí ìgboro láti tako òfin náà. Ní 1898 ni ìjọba yí òfin padà, kí òbí tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìfòyà yìí lé mùsùlùmí tàbí ènìyàn dúdú nìkan lórí.

Ó wá kan tiwa. Àwa Yorùbá tí a ń gbé nílẹ̀ Hausa, ojú wa ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe.

Ní ọdún 1996, àrùn yínrùnyínrùn jà ní àríwá Nàìjíríà lọ́nà tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn tí ó mú ju 100,000 lọ, àwọn tí ó kú sì lé ní 11,000. Ní àárín ìpọ́njú yìí ni ilé-iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Pfizer wá sí Kano. Wọ́n fún ọmọ bíi 100 ní oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan láti dán an wò, wọ́n sì fún nǹkan bíi 100 mìíràn ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ni ó kú nínú gbogbo wọn, àwọn mìíràn sì di afọ́jú, adití tàbí arọ. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń fi ọmọ àwọn ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn òbí gbà á lẹ́nu, pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà síta ní December 2000, gbogbo Kano gbóná. Ẹjọ́ pọ̀, ó pẹ́, ó sì di 2009 kí ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ìjà pẹ̀lú ìjọba Kano, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹ kíyè sí i pé oògùn ìwòsàn ni Trovan. Kì í ṣe àjẹsára rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ṣe àlàyé ìyẹn fún ìyá tí wọ́n ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan? Ọgbẹ́ náà kò tíì jinná nígbà tí àwọn tí ń kan oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu ń lọ láti ilé dé ilé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde pé kí obìnrin má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ, ọ̀pọ̀ mùsùlùmí kò sì gbàgbé rẹ̀. Ogun Afghanistan ti bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ti Iraq ní 2003, inú kò sì dùn sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn kan wá ní wọ́n ti fi ohun tí ó lè sọ ọmọbìnrin di àgàn sínú oògùn náà, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí etí tí ó ti ṣí sílẹ̀ fún un. Dókítà oníṣègùn ni Datti Ahmed, tí ó jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀ Gíga fún Sharia ní Nàìjíríà, òun náà sì wà nínú àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìdajì kejì ọdún 2003, Kano, Kaduna àti Zamfara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó dá iṣẹ́ náà dúró.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn obìnrin àdúgbò wa ń béèrè nígbà náà tí n kò gbàgbé. Wọ́n ní bí ibà bá ń pa ọmọ àwọn, tí àwọn gbé e lọ sí ọsibítù, wọn kò ní í fún àwọn ní oògùn bí kò bá sí owó. Àrùn tí àwọn kò sì rí nínú ilé àwọn ni wọ́n ń gbé oògùn rẹ̀ wá ká àwọn mọ́lé lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Irú inú rere wo nìyí? Ìyá àgbà kan jáde sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó búra pé kò sí ọmọdé nínú ilé òun, igbe ọmọ ọwọ́ sì ń jáde láti ìyẹ̀wù. Àwọn ẹlòmíràn ń wá yíǹkì kun ìka ọmọ wọn, kí wọ́n lè rò pé ó ti gba tirẹ̀.

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni ìbéèrè yẹn, èsì rẹ̀ sì wà, bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá fara balẹ̀ sọ ọ́. Ìgbẹ́ àti omi àìmọ́ ni kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ń bá rìn. Nínú ọmọ bíi 200 tí ó wọ̀ lára, ẹyọ kan péré ni ó máa ń rọ. Àwọn yòókù yóò máa ṣeré kiri, wọn yóò sì máa gbé e fún ẹlòmíràn láìsí àmì kankan. Ìdí nìyí tí ìyá kò fi rí i nínú ilé rẹ̀, ìdí náà sì nìyí tí kò fi ṣeé lé lọ àfi bí gbogbo ọmọ bá gba oògùn. Ní ibi tí ooru pọ̀, tí omi kò mọ́, àwọn kòkòrò mìíràn nínú ikùn ọmọ kì í jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan tó, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń padà wá. Ti ibà, èyí tí wọ́n kò pèsè, àbùkù ìjọba ni, n kò sì lè gbè é.

Ọlọ́hun pa wá láṣẹ nínú Suratul Hujurat pé bí ìròyìn bá dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ṣeé gbára lé, kí a wádìí rẹ̀ dájú, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan níbi, kí a wá kábàámọ̀. Kano wádìí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn ní àwọn rí ohun díẹ̀ tí ó jọ èròjà ara obìnrin nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yàn, tí àwọn aṣojú mùsùlùmí wà nínú rẹ̀, gbé e lọ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò, wọ́n sì padà wá sọ pé kò ní àbùkù. Níkẹyìn, Kano ní àwọn yóò gba èyí tí wọ́n bá ṣe ní ilẹ̀ mùsùlùmí. Ilé-iṣẹ́ Bio Farma ní ìlú Bandung, ní Indonesia, ni wọ́n ti rà á. Ní òpin July 2004, Gómìnà Ibrahim Shekarau fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán an sí ẹnu ọmọ tirẹ̀ ní gbangba.

Ṣùgbọ́n bíi oṣù 11 ti kọjá, àrùn kò sì dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Kòkòrò tí wọ́n mọ̀ pé ó ti àríwá Nàìjíríà wá dé orílẹ̀-èdè bíi 20 tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dé Sudan, ó dé Saudi Arabia. Ní Yemen ní 2005, ọmọ tí ó lé ní 400 ni ó rọ. Ní March ọdún 2005 kan náà, ó yọ ní Sukabumi, ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí kò rí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ fún ọdún 10. Ọmọ bíi 300 ni ó sọ di arọ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Java kan náà ni Sukabumi àti Bandung wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi oògùn ránṣẹ́ sí wa. Àrùn wa ni ó wá bá àwọn ọmọ wọn nílé.

Ní tiwa nílé, ní 2006, ọmọ tí ó ju 1,100 lọ ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Wọ́n wà láàyè lónìí, wọ́n ti di ọ̀dọ́. A ń rí wọn lórí pátákó onítáyà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí wa ní ọjọ́ Jímọ̀, a ń fún wọn ní sàráà, a kì í sì í bi ara wa léèrè ọdún tí wọ́n bí wọn.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà kò yára, kì í sì í ṣe ipá. Láti 2009 ni àwọn ọba ilẹ̀ Hausa ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹyìn Sultan Sa'ad Abubakar, tí àwọn baálẹ̀ àti lemọ́mù fi ń bá àwọn tí ń fa iṣẹ́ náà lọ sílé. Àwọn tí àrùn náà ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ pàápàá jáde, wọ́n ń fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ fún òbí. Wọ́n yan obìnrin àdúgbò, tí ó lè wọ inú ẹ̀ẹ̀hà bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀, dípò ọkùnrin àjèjì. Wọ́n ń kó oògùn ibà dání. Ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀ nítorí rẹ̀: ní February 2013, àwọn agbébọn pa obìnrin 9, ó kéré tán, tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Kano. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n jáde lọ tọ́jú. Kí Ọlọ́hun gba ẹ̀mí wọn sí àlùjánnà. Ní 2014, ọmọ 6 péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà. Ó tún yọ díẹ̀ ní Borno ní 2016, níbi tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n dé. Ní ọjọ́ 25 August 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àbáláyé ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀.

Mo ní láti sọ ìyókù, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kí ẹ sì rò pé mo fi pamọ́. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú oògùn tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Ní ibi tí ọmọ tí kò gba oògùn bá pọ̀ jù, kòkòrò náà lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi tún gba agbára. Irú èyí ti rọ àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, ó sì ṣì ń yọjú títí di 2024. Ẹni tí ó bá sọ fún ìyá pé kò sí ohunkóhun láti ronú lé kò bá a sọ òótọ́ tán. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti gba oògùn péye, irú rẹ̀ kì í ráyè. Bákan náà ni ara gbígbóná àti ojú abẹ́rẹ́ wíwú tí ó máa ń mú kí bàbá bínú, kí ó ní kí ìyá má gbé ọmọ lọ mọ́: ara ọmọ ni ó ń kọ́ ìjà, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá lọ, kí ẹ gbé e padà sí ibi tí ó ti gbà á. Àwa àgbà tí a ti lọ sí Makkah, abẹ́rẹ́ yínrùnyínrùn ni a kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó jẹ́ kí a wọ bàálù, n kò sì rí ẹni tí ó torí rẹ̀ pa hájì tì.

Àwọn kan yóò ní, kádàrá ńkọ́? Ìbéèrè náà ti pẹ́, ẹni ńlá ni ó sì béèrè rẹ̀. Nígbà ìjọba Khalifa Umar, ní nǹkan bí ọdún 18 Hijira, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ilẹ̀ Sham nígbà tí Umar ń lọ síbẹ̀. Ó dé Sargh, ó pe àwọn Muhajirun, ó pe àwọn Ansar, ó pe àwọn àgbà Kuraiṣi, ó gbọ́ ti gbogbo wọn, kí ó tó ní kí wọ́n padà. Abu Ubaidah, tí ó wà nínú àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú àlùjánnà, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni àwọn ń bọ́ sí inú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Abdur-Rahman bin Awf sì wá ròyìn ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì: kí a má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà, kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Kò sí ẹni tí ó pe Abu Ubaidah ní aláìmọ̀kan nítorí ìbéèrè rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó jókòó. Ali Maow Maalin ni orúkọ rẹ̀, ará Merca ní Somalia, alásè ní ọsibítù. Nínú oṣù October 1977, ọkọ̀ kan gbé ọmọ méjì tí ṣọ̀pọ̀ná mú dé, awakọ̀ kò sì mọ ọ̀nà. Ali wọlé jókòó láti júwe fún un. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọsibítù ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti máa ń yẹra fún un nítorí pé ó ń bẹ̀rù ìrora abẹ́rẹ́. Ṣọ̀pọ̀ná mú un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún 6, kú, Ali gbádùn. Òun sì ni ẹni ìkẹyìn ní gbogbo ayé tí ṣọ̀pọ̀ná mú láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní ìgboro. Ní 1980 ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀.

Nígbà tí ó dàgbà, ó gba iṣẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Bí ìyá kan bá kọ̀ fún un, yóò jókòó tì í, yóò sọ fún un pé òun náà kọ̀ nígbà kan rí, yóò sì sọ ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní 2013, àrùn náà padà sí Somalia, Ali sì tún jáde. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ibà ti kì í mọ́lẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 22 July, láàárín Ramadan ọdún 1434. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kí Ó sì tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.